Ìlú Aláṣọ Funfun Tó Wà Lẹ́yìn Ìdógùn

Bí ẹ bá fi nǹkan pamọ́ fún Sàlímọ́tù, ẹ ti fi ránṣẹ́ sí i nìyẹn. Láti kékeré ni ojú rẹ̀ kò ti gbélé. Kò tíì ju ọmọ tí wọ́n ń rán lọ ra iyọ̀ lọ nígbà tó tú rédíò ìyá rẹ̀ palẹ̀, ó ń wá ẹni tó ń ka ìròyìn nínú rẹ̀. Kò rí ẹnikẹ́ni. Ó kó gbogbo rẹ̀ padà sínú àpótí, ó dè é, irin tíntìntín mẹ́ta ṣẹ́ kù sílẹ̀, rédíò sì ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Ìyá rẹ̀, Kúlísúmù tó ń ta bàtà lẹ́bàá Ọjà Ọba ní Ọ̀wọ̀, ṣì ń bi í títí dòní pé kí ni irin mẹ́ta yẹn wà fún. Sàlímọ́tù náà kò mọ̀. Ìyẹn gan-an ló sì gbé e dé ìdí iṣẹ́ iná.

Ní ilé kéú, ó bi ààfáà pé bí oòrùn bá wọ̀, ṣé oorun ló lọ sùn ni àbí ó kọjá sí ìlú ẹlòmíràn. Ààfáà ní kó lọ pọnmi wá. Ó pọnmi dé, ó tún bi í.

Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n mú lọ bá Ọ̀gá Múrítàlá, ẹni tó ń tún sólà àti ínfátà ṣe ní ìgboro Ọ̀wọ̀. Nínú àwọn ọmọ iṣẹ́, òun nìkan ni obìnrin. Oníbàárà á wọlé, á wo ọ̀tún, á wo òsì, á wá ní, “Ọmọ yìí, pe ọ̀gá rẹ wá.” Sàlímọ́tù á gbé tẹ́sítà dání bí dókítà, á ní, “Ọ̀gá wà lórí òrùlé. Níbo ló ń dùn yín?”

Ọ̀gá Múrítàlá fẹ́ràn rẹ̀, àmọ́ kò jẹ́ kó mọ̀. Bó bá ṣe dáadáa, á ní, “Ó kù díẹ̀ káàtó.” Bó bá ṣe dáadáa gan-an, á ní, “Hẹn-ẹn.”

Ṣé ẹ rí i, ọ̀gá yìí ní òfin méjì fún ẹni tó bá fẹ́ gba fìrídọ́ọ̀mù lọ́wọ́ rẹ̀. Èkíní ni pé ibi tí ariwo jẹnẹrétọ̀ òun bá dé, ọmọ iṣẹ́ òun kò gbọdọ̀ ṣí ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ náà ti darúgbó, bó bá ń ké, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa jí àwọn ará Ùsò lójú oorun. Òfin kejì ni ti gílóòbù. Lọ́jọ́ ìgbòmìnira, ọmọ iṣẹ́ á fọwọ́ ara rẹ̀ so wáyà mọ́ gílóòbù kan, á tàn án níwájú gbogbo ènìyàn, á dárúkọ ibi tó ń lọ, ọ̀gá á sì gbàdúrà sí i. Ibi tó bá dárúkọ náà ni gílóòbù yẹn gbọ́dọ̀ ti kọ́kọ́ tàn. Ẹni tó bá gbé gílóòbù àdúrà lọ síbòmíràn, yẹ̀yẹ́ rẹ̀ kò ní í tán nílẹ̀ láàárín àwọn oníná, bẹ́ẹ̀ ni kò ní í rẹ́ni yá a ní àkàbà. Ọ̀kan wà tó dárúkọ Ìfọ́n, tó wá lọ dúró sí Àkúrẹ́. Ó ti kọ́lé, ó ti bímọ, síbẹ̀ “Ìfọ́n-ni-mò-ń-lọ” ni wọ́n ń pè é títí dòní.

Nítorí náà, nígbà tí ọdún iṣẹ́ Sàlímọ́tù ń parí lọ, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló gbà á lọ́kàn: níbo? Ìgboro Ọ̀wọ̀ kò ṣe é fẹnu bà. Ibi tí kò bá sí ènìyàn, ta ni yóò gbé iná wá fún un? Ibi tó bá dárúkọ ni yóò sì jẹ, ni yóò mu, ni wọn yóò fi máa pè é.

Ibi tó ti ń rò ó ni Tẹniọlá dé. Ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni Tẹniọlá, ilé wọn kò jìnnà sí ti Kúlísúmù. Láti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni òun àti Sàlímọ́tù ti ń jọ jẹ̀bi. Pólì ló wà báyìí, ó ń kọ́ nípa ilẹ̀ wíwọ̀n àti àwòrán ilẹ̀. Ó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ wá kí Sàlímọ́tù bá a wo ibi tó ti ń gba iná sára, nítorí pé ó ti di ẹrù tí kò ṣe é yà sọ́tọ̀ kúrò lára wáyà.

Sàlímọ́tù tún un ṣe tán, ó tẹ̀ ẹ́, ojú kọ̀ǹpútà sì ṣú dùdù.

“Tẹni, ó tún ti kú.”

“Kò kú. Wò ó dáadáa.”

“Èédú lẹ ń yà ní fọ́tò ní pólì yín báyìí?”

“Òpè! Ọ̀wọ̀ nìyẹn. Sátẹ́láìtì ló yà á láti òkè lóru, nígbà tí ìwọ ń hanrun lọ́wọ́.”

“Ta ló ń hanrun? Ìwọ gan-an lo máa ń hanrun.”

Tẹniọlá fi ìka hàn án. Kí ẹ wá wo àwòrán! Ilẹ̀ dúdú ni gbogbo rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ wá ń tàn lórí rẹ̀ níbí lọ́hùn-ún. Ọ̀wọ̀ tú ká láàárín bí ẹyin tó fọ́ sínú ìkòkò dúdú. Ùsò ń jó lúúlúú bí ẹyin iná tí ẹnì kan gbàgbé. Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀ kò ju tanátaná kan lọ.

“Kò ya ilé, kò ya igi, kò ya ènìyàn,” Tẹniọlá ní. “Iná nìkan ló ń rí. Alaalẹ́ ló ń kọjá. Òun ni àwọn onímọ̀ fi ń mọ ìlú tó ń fẹ̀, ìlú tí iná ti lọ, ibi tí ogun ti lé ènìyàn jáde. Ibi tí iná bá wà lóru, iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ aráyé ló wà níbẹ̀.”

Sàlímọ́tù fa àga. Bó bá ti fa àga báyìí, ẹ ti mọ̀ pé ọjọ́ yẹn ti bàjẹ́ fún iṣẹ́ mìíràn.

“Ṣé ó rí mi?”

“Kò rí ọ. Iná tí o bá tàn ló ń rí.”

“Ti ṣọ́ọ̀bù wa ńkọ́?”

“Ó ti dà pọ̀ mọ́ ti gbogbo Ọ̀wọ̀. Ojú rẹ̀ kò mú tó yẹn.”

Ó dun Sàlímọ́tù díẹ̀. Ó ti ń tún iná àwọn ará Ọ̀wọ̀ ṣe láti ọjọ́ yìí wá, kó má wá sí ẹyọ kan tó ṣe é nawọ́ sí pé tèmi nìyí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka rìn lórí àwòrán, ó kúrò ní Ọ̀wọ̀, ó wọ ìhà Ọ̀sẹ́, ó kọjá Ìdógùn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má hàn rárá. Ibẹ̀ ni ìka rẹ̀ ti dúró.

“Kí lèyí?”

Lẹ́yìn Ìdógùn, nínú igbó, níbi tí kò sí ìlú, ìmọ́lẹ̀ kan wà níbẹ̀ tó mọ́ roro. Tẹniọlá ṣí àwòrán ilẹ̀ ìjọba, ó wá orúkọ ìlú lójú ibẹ̀, kò rí. Igbó ni wọ́n kọ síbẹ̀.

“Bóyá iná igbó ni,” Tẹniọlá ní. “Àwọn ọdẹ ń dáná sungbó.”

“Iná igbó tí kì í rìn?”

Òótọ́ ni. Wọ́n wo oṣù mìíràn. Oṣù Kìíní, kò sí. Oṣù Kejì, kò sí. Kó tó di ọdún Àjíǹde, ó tàn. Lẹ́yìn rẹ̀, ó kú. Àkókò òjò, ìkùukùu bo ojú ọ̀run, sátẹ́láìtì kò rí nǹkan kan sọ. Nígbà tí ìkùukùu lọ lẹ́yìn òjò, ìmọ́lẹ̀ náà tún jókòó síbi tó wà tẹ́lẹ̀, ó sì tàn títí di Kérésìmesì. Ọdún yí, ó kú. Èyí kì í ṣe ti ọdún kan o. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe lọ́dún tó ṣáájú, bẹ́ẹ̀ ló ṣe lọ́dún tó ṣáájú ìyẹn.

Ìlú wo ló ń wá, tó ń lọ báyìí?

Gbogbo ènìyàn ló ní ìdáhùn. Kúlísúmù ní àlùjànnú ni, kí ọmọ òun má bá wọn dá sí i. Ọ̀gá Múrítàlá ní àwọn tó ń wa nǹkan nílẹ̀ ni, kí wọ́n má jẹ́ kí ìjọba gbọ́. Ọmọ iṣẹ́ kan ní bóyá wọ́n ní Ìgógó tiwọn ni, bí ọdún ìbílẹ̀ Ọ̀wọ̀ tí ọkùnrin kì í dé fìlà. “Ìgógó tó ń dé lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún?” Sàlímọ́tù bi í. “Bí wọ́n bá ń ṣí fìlà lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, orí wọn á ti tutù.”

Tẹniọlá ló wá fi ọwọ́ lu tábìlì lọ́jọ́ kan.

“Sàlí! Ọdún Àjíǹde. Ọdún Kérésìmesì. Kí lèyí ń wí fún ọ?”

“Ẹ̀yin onígbàgbọ́ ni.”

“Àgọ́ ìjọ ni! Wọ́n kọ́ àgọ́ sínú igbó, wọ́n ń kóra jọ síbẹ̀ láti múra ọdún. Bí ọdún bá ti parí, kálukú á gba ilé rẹ̀ lọ.”

Ọ̀rọ̀ náà bá a mu bí ìdérí ìkòkò. Sàlímọ́tù kò rí oorun sùn dáadáa láti ọjọ́ náà. Ó ń rí wọn: èrò bí yanrìn, fóònù tó ti kú lọ́wọ́ wọn, maikirofóònù tó ń fẹ́ bátìrì, pásítọ̀ tí iná gé mọ́ lẹ́nu níbi tó ti ń dé ibi tó dùn nínú ìwàásù. Kò sì sí oníná kankan nítòsí wọn. Ó fẹ́ lọ wò ó kọ́kọ́, kó lè fi ojú ara rẹ̀ rí i. Ìyá rẹ̀ ní kò sí ohun tó jọ ọ́. Ọ̀nà igbó tòní kì í ṣe ọ̀nà igbó àná. Sàlímọ́tù ní òun yóò tún padà wá bẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ni Ọ̀gá Múrítàlá bá dé pẹ̀lú ìwé ìrìnnà lọ́wọ́: òun ń lọ ṣe úmúrà, àyè ti yọ lójijì, gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gba fìrídọ́ọ̀mù, Ọjọ́rú tó ń bọ̀ ni.

Lọ́jọ́ Ọjọ́rú, níwájú àwọn oníná Ọ̀wọ̀, Sàlímọ́tù so wáyà, ó tẹ bọ́tìnì, gílóòbù tàn. Wọ́n pàtẹ́wọ́.

“Sàlímọ́tù, ibo lò ń lọ?” ọ̀gá bèèrè bí wọ́n ti ń bèèrè.

“Ibi ìmọ́lẹ̀ tó wà lẹ́yìn Ìdógùn, Ọ̀gá.”

Ọ̀gá fi orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. “Ṣé ìlú yẹn lórúkọ?”

“Ó níná, Ọ̀gá.”

Ẹ̀rín gba ibẹ̀ kan. Ìfọ́n-ni-mò-ń-lọ tó ti Àkúrẹ́ wá ló rẹ́rìn-ín jù. Ó ti rí ẹni tí yóò gba oyè lọ́wọ́ òun. Àmọ́ ọ̀gá gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ní kí Ọlọ́run tó mọ orúkọ ìlú yẹn jẹ́ kó bá wọn ní àlàáfíà, kí àwọn ará ibẹ̀ rí ojú rere rẹ̀, kí wọ́n má sá fún un. Gbogbo wọn ṣe àmín. Ọ̀rọ̀ ti dé ibi tí kò ti ṣe é pa dà.

Ọ̀gá fò lọ. Lọ́jọ́ kejì, Sàlímọ́tù fi aṣọ wé gílóòbù rẹ̀, ó kó irinṣẹ́ sínú báàgì, ó kí ìyá rẹ̀ tí kò fẹ́ dáhùn. Kúlísúmù wá gbé bàtà aláwọ tuntun kan jù sí i láti inú ọjà. “Wọ èyí. Bí o bá máa wọ ìlú àwọn ènìyàn, má wọ̀ ọ́ bí ẹni tí kò níyàá.” Tẹniọlá tẹ̀lé e, ojú ọ̀nà wà nínú fóònù rẹ̀. Wọ́n wọ mọ́tò dé Ìdógùn, wọ́n wá bá ọlọ́kadà kan tó jókòó sórí ọ̀kadà rẹ̀, tó ń jẹ ẹ̀pà.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìjókòó. Àgọ́ ìjọ kan wà lápá ibí yìí tí a ń lọ.”

“Àgọ́ wo?”

Tẹniọlá fi àmì hàn án lórí fóònù. Ọlọ́kadà wo fóònù, ó wo Tẹniọlá, ó wo báàgì Sàlímọ́tù. Ó rọra gbé ẹ̀pà mì.

“Ààà! Ẹ̀yin ń wí àwọn aláṣọ funfun!”

Tẹniọlá gbá Sàlímọ́tù nígbùnwọ́. Ohun tó wí ti ṣẹ.

“Ṣé wọ́n pọ̀, ẹ̀gbọ́n?” Sàlímọ́tù bèèrè.

“Wọ́n pọ̀? Ẹ kò lè kà wọ́n. Funfun ni gbogbo wọn wọ̀. Wọn kì í wọ bàtà o.”

Sàlímọ́tù wo bàtà tuntun ẹsẹ̀ rẹ̀, àánú ìyá rẹ̀ ṣe é.

“Àdúrà wọn ńkọ́? Ṣé wọ́n ń ṣọ́ òru?”

“Iná wọn kì í kú lóru. Bí ilẹ̀ bá sì mọ́, ẹ máa gbọ́ ohùn wọn láti ọ̀nà jíjìn. Gbogbo wọn a máa dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Oúnjẹ wọn sì dára. Wọ́n ń jẹun gan-an.”

Ó gbé wọn. Bí wọ́n ti ń kọjá lára ọkùnrin kan tó ń sá kókó, ọlọ́kadà fi èdè Ìdógùn ju gbólóhùn kan sí i, ọkùnrin náà sì fi ọwọ́ di ikùn mú, ó ń rẹ́rìn-ín. Sàlímọ́tù bi ọlọ́kadà pé kí ló wí. Ó ní òun kí i ni.

Wọ́n dé ẹnubodè onírin kan. Ilé gígùn-gígùn wà nínú ọgbà, a fi páànù bo òrùlé wọn, ara ògiri wọn ṣí sílẹ̀, nẹ́ẹ̀tì wáyà ló dí i. Òórùn kan ń bọ̀ tí kò jọ ti tùràrí. Obìnrin àgbà kan jáde, ó wọ bàtà ọ̀rá gígùn, ìlẹ̀kẹ̀ rosárì wà lọ́rùn rẹ̀. Màmá Veronica nìyẹn. Iṣẹ́ ìjọba ló ti fẹ̀yìn tì ní Àkúrẹ́ kó tó padà wá sí ilẹ̀ bàbá rẹ̀.

“Ẹ káàbọ̀ o. Mélòó lẹ fẹ́ mú?”

“Ẹ kú ilé mà,” Sàlímọ́tù kúnlẹ̀. “A kò wá mú nǹkan kan mà. Ìjọ la wá wò.”

“Ìjọ?”

“Àwọn aláṣọ funfun, mà.”

Màmá Veronica wo ẹ̀yìn wọn, ó rí ọlọ́kadà tó ti sorí kọ́ sórí ọwọ́ ọ̀kadà rẹ̀ tí èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó yé màmá. Ó dá ojú rẹ̀ le, ó ní, “Ó dáa, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ bọ́ sínú tẹ́ḿpìlì.” Ó ṣí ilẹ̀kùn.

Adìẹ àgíríkì ni. Adìẹ funfun, láti orí ilẹ̀kùn dé ìpẹ̀kun ilé, ẹsẹ̀ lásán, wọ́n gbé orí sókè lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì dáhùn. *Kwóóóò!*

Ẹ jẹ́ ká dákẹ́ díẹ̀ fún Sàlímọ́tù.

Tẹniọlá ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. “Sàlí, jọ̀ọ́. Èmi ni mo ṣì ọ́ lọ́nà.”

Sàlímọ́tù ṣì ń wo àwọn adìẹ. Gílóòbù wà nínú báàgì rẹ̀ bí òkúta. Ó ti ń gbọ́ orúkọ tuntun rẹ̀ létí: Sàlí Ìlú-Adìẹ. Ó ti ń rí Ìfọ́n-ni-mò-ń-lọ tó ń jó. Ṣé kó gbé gílóòbù padà sílé ni? Ṣé kó lọ sí ibòmíràn, kó purọ́? Omi ń bọ̀ lójú rẹ̀. Àmọ́ ẹ ti mọ ọmọ yìí. Omi ojú ń bọ̀ lápá kan, ìbéèrè ń bọ̀ lápá kejì, ìbéèrè ló kọ́kọ́ dé.

“Màmá, kí ni adìẹ ń fi iná ṣe lóru?”

Inú Màmá Veronica dùn pé ẹnì kan bèèrè. “Oúnjẹ ni. Bí ilẹ̀ bá ṣú, adìẹ á sùn. Bí iná bá wà, á máa jẹun. A ń bọ́ wọn de Kérésìmesì, a tún ń bọ́ wọn de Àjíǹde. Bí wọ́n bá tà tán, màá pa iná, màá sinmi.”

Ọ̀rẹ́ méjèèjì wo ara wọn. Ìlú tó ń wá, tó ń lọ! Nínú oṣù Kìíní tí iná rẹ̀ ń kú, kò sẹ́ni tó kó kúrò níbẹ̀. Wọ́n ti jẹ ìlú náà ni.

Ẹ̀rín bú mọ́ Sàlímọ́tù lẹ́nu kó tó mọ̀, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí àpò oúnjẹ adìẹ. Tẹniọlá náà bẹ̀rẹ̀. “Síbẹ̀,” Tẹniọlá ń sọ láàárín ẹ̀rín, “sátẹ́láìtì kò purọ́. Iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ aráyé ni. Adìẹ kọ́ ló tanná.”

“Ìwọ lo ní ìjọ ni.”

“Ṣé wọn kò péjọ ni?”

Màmá Veronica nìkan ni kò rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀. Ó ní iná yẹn gan-an ni wàhálà òun. Sólà ló ń gbé e, àmọ́ láti bí ìgbà díẹ̀, iná kì í dé àárọ̀ mọ́. Á ṣókùnkùn lójijì nígbà tí ilẹ̀ kò tíì mọ́, adìẹ á ta gìrì, wọ́n á sá jọ sí igun kan, wọ́n á gun ara wọn lórí, àwọn tó wà nísàlẹ̀ á sì kú. Ẹni tó so ó ti lọ sí òkè òkun. Òun ti pe àwọn mìíràn láti Ọ̀wọ̀. Wọ́n ní ọ̀nà jìn.

Sàlímọ́tù ti dìde. Ó ti ń wo òkè.

“Màmá, ta ló gbin máńgòrò yẹn?”

“Èmi ni. Nígbà tí mo dé síbí.”

“Ó ti dàgbà, mà. Lọ́sàn-án, òjìji rẹ̀ ló bo sólà yín. Oúnjẹ adìẹ lẹ ń rò, sólà náà kò rí oòrùn jẹ.”

Ọlọ́kadà, tí ojú ti tì díẹ̀, ló di àkàbà mú fún un. Ó gun òkè òrùlé, ó wá ibi tí òjìji kò lè dé, ó tú sólà, ó gbé wọn lọ síbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó nu ìdọ̀tí ara wọn, ó wo bátìrì, ó gé wáyà tó ti jẹrà, ó so òmíràn. Ó gbà á ní gbogbo ọ̀sán. Bàtà tuntun ìyá rẹ̀ wà nílẹ̀ nídìí àkàbà. Òun náà ti di ará ìlú, kò wọ bàtà. Nígbà tó kù díẹ̀ kí oòrùn wọ̀, ó sọ̀ kalẹ̀, ó wọ inú ilé adìẹ. Ní igun tí wọ́n máa ń sá jọ sí, ihò gílóòbù kan ṣófo níbẹ̀.

Ó dúró síbẹ̀ pẹ́. Ibi ìmọ́lẹ̀ tó wà lẹ́yìn Ìdógùn. Ohun tó wí nìyẹn, kò wí pé ènìyàn wà níbẹ̀. Ó tú aṣọ, ó yọ gílóòbù àdúrà, ó ki í bọ ihò, ó tẹ bọ́tìnì. Adìẹ tó wà lábẹ́ rẹ̀ wò ó lójú kan, ó sì lọ jẹun.

Màmá Veronica ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan wà tí òun ti ń ta ẹyin tẹ́lẹ̀ ní oríta Ìdógùn, ó ti pẹ́ tó ti wà ní títì. Ṣé Sàlímọ́tù lè máa jókòó síbẹ̀, kó máa ti ibẹ̀ wá wo iná òun? Sàlímọ́tù ní, “Màmá, Ìdógùn fẹ́rẹ̀ẹ́ má hàn lójú sátẹ́láìtì.” Màmá wò ó tìyanutìyanu. “Ọmọ mi, àgbẹ̀ ni wá. Bí a bá jẹun alẹ́ tán, a ń paná sùn ni. Ṣé o fẹ́ ká máa jókòó de ẹni tó ń fò lókè?”

Sàlímọ́tù kó lọ síbẹ̀. Kò tíì fi gbogbo ẹsẹ̀ balẹ̀ tí wọ́n fi ń gbé fóònù, àtùpà oníbátìrì àti rédíò wá bá a. Ó ń tú rédíò pẹ̀lú ìfẹ́; bí ó bá sì dè é tán, á wo ilẹ̀ dáadáa bóyá irin tíntìntín kù.

Ọ̀gá Múrítàlá dé láti Mẹ́kà, ó gbọ́ ọ lọ́jà, ó gbọ́ ọ ní mọ́ṣáláṣí. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ó ti dé Ìdógùn pẹ̀lú dàbínù nínú ọ̀rá àti Kúlísúmù lẹ́yìn rẹ̀. Kò kí Sàlímọ́tù tó bẹ́ẹ̀.

“Níbo ni gílóòbù mi wà?”

Sàlímọ́tù mú wọn lọ sí ọgbà. Ọ̀gá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wo àwọn aláṣọ funfun, ó wo òkè, ó rí gílóòbù rẹ̀ tó ń tàn ní igun. Ó ṣe bí ẹni tó ń wúkọ́. Ó wá ṣí fìlà, ó gbé ọwọ́ sókè sí gbogbo ilé adìẹ.

“Àsàlámù àléékúmù, ẹ̀yin ará ìlú!”

*Kwóóóò!*

“Wọ́n dáhùn,” ọ̀gá ní. “Mo gbàdúrà pé kí wọ́n má sá fún ọ. Sàlí, ṣé wọ́n sá?”

“Wọn kò sá, Ọ̀gá.”

“Ìwọ lo dárúkọ ìlú, ìwọ lo dé ìlú. Ìfọ́n ni kò dé Ìfọ́n.” Ó wo wáyà tó so lórí òrùlé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. “Hẹn-ẹn,” ó ní.

Kúlísúmù wo ẹsẹ̀ adìẹ lọ súà. “Gbogbo ẹsẹ̀ yìí,” ó ní, “kò sẹ́ni tó máa ra bàtà.”

Kérésìmesì dé, ìlú náà wọ ìkòkò. Màmá Veronica ń pa iná nígbà tí Sàlímọ́tù bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí ẹyọ kan tó wà ní igun ṣì máa tàn. Nínú oṣù Kìíní, ó jókòó sí ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án, ọyẹ́ ń fẹ́, ó ń tún fóònù ẹnì kan ṣe, ó sì fi tirẹ̀ pe Tẹniọlá.

“Àwòrán tuntun ti jáde?”

“Ó ti jáde. Mò ń wò ó.”

“Ṣé o rí mi?”

“Hẹ̀n! Mo rí ọ. Ó ń tàn yanranyanran.”

“Tẹniọlá.”

“Irọ́ ni. Dúdú ni gbogbo rẹ̀. Gílóòbù kan kéré, Sàlí, kò lè rí i.”

“Tún wò ó.”

“Mo ti wò ó tì.”

Sàlímọ́tù wo oríta. Ìyá àgbà kan ń bọ̀ pẹ̀lú rédíò lábẹ́ apá, ọlọ́kadà elẹ́pà náà ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó ti ń fi ọwọ́ ṣe ìyẹ́ adìẹ láti òkèèrè, bó ti ń ṣe lójoojúmọ́.

“Kò burú,” ó ní. “Bí o bá rí ẹni tó ni sátẹ́láìtì, bá mi sọ fún un. Bó bá fẹ́ rí mi, kó máa kọjá lọ́sàn-án. Mo ti ṣí ṣọ́ọ̀bù.”